Gẹ̀ẹ́sì Ò Mọ Àgbà

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní nítòsí Oríta Challenge, n'Íbàdàn níbí. Mò ń tẹ ìwé, mò ń ṣe fọ́tókọ́pì, mo sì ń bá wọn fi náílọ́ọ̀nù bo sátífíkéètì. Láńlọ́ọ̀dù tó fẹ́ lé ayálégbé, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń tẹ nótíìsì. Ayálégbé tí wọ́n fẹ́ lé, ọ̀dọ̀ mi náà ló ti ń tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti pàdé lẹ́nu ọ̀nà mi rí. Ìjọ tó fẹ́ ṣe ìsọjí, ẹgbẹ́ àdúgbò tó fẹ́ kọ̀wé nípa tíráńsífọ́mà, ọmọ yunifásítì tó ń wá iṣẹ́, gbogbo wọn ló ń kó Gẹ̀ẹ́sì wọn wá bá mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni kò lórí tí kò nídìí. Gbólóhùn tó yẹ kó ti parí lókè ojú ìwé, ìsàlẹ̀ ni mo ti máa bá a, tó ṣì ń rìn.

Ní àdúgbò wo ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀? Àwọn àgbà ibí sọ fún mi pé ara ilé ìtàwé Challenge, tàwọn míṣọ́nnárì, ni àdúgbò wa ti gba orúkọ. Ìwé ló sọ wá lórúkọ o! Ẹni tó bá dúró ní oríta lónìí, ẹnu kọ̀ńdọ́ ló máa gbọ́: "Mọ́lété! Ring Road! Dùgbẹ̀!" Kò sí olùwà, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe, mọ́tò sì ń kún. Mi ò tíì rí èrò tó ní òun ò wọlé torí pé gbólóhùn kọ̀ńdọ́ ò pé. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn, ó dára bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí kọ̀ńdọ́ bá fẹ́ kọ̀wé sí báńkì ni wàhálà tó ń dé, èmi ni wàhálà náà sì máa ń wá bá.

Kọ̀ǹpútà mi ló tún dá kún un. Gbólóhùn tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ láńlọ́ọ̀dù jókòó tì mí, wọ́n ń pè é, mò ń tẹ̀ ẹ́: "Because of the noise of the generator which you are disturbing the whole compound since last year till today." Mo fi àmì ìdánudúró sí i. Kọ̀ǹpútà fa ìlà.

"Kí nìyẹn?"

"Bàbá, ó ní gbólóhùn yẹn ò tíì parí."

"Kò tíì parí kẹ̀? Pẹ̀lú bó ṣe gùn tó yẹn?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ò tíì sọ ohun tí ariwo jẹnẹrétọ̀ náà fà."

Inú bí bàbá. Wọ́n ní kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kí n tẹ "Pack out." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Kọ̀ǹpútà ò fa ìlà kankan. Ẹ̀rín pa wọ́n.

"Ṣé o rí i? Kọ̀ǹpútà ẹ gan-an mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kó jáde."

Ẹ bá mi wo ìrẹ́jẹ yìí. "Pack" nìkan ṣoṣo, gbólóhùn tó pé ni, torí pé àṣẹ ni. Ẹni tí à ń pàṣẹ fún ni olùwà ẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí "because" bá ti jókòó sí iwájú, bí ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ gùn láti ibí dé Tóògéètì, awẹ́ lásán ni, ibi tó máa fara tì ló ń wá. Bákan náà ni "when", bákan náà ni "if" àti "although". Gígùn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àìgbọ́ èyí ni kì í jẹ́ káwọn oníbàárà mi gbà fún mi. Owó tí wọ́n san, wọ́n fẹ́ kó gùn.

Bàbá yẹn sì mọ òfin náà o! Ibi tó ń ká mi lára jù nìyí. Tí mo bá sọ fún wọn pé, "Bàbá, nígbà tí ayálégbé yín délé lálẹ́ àná," tí mo wá dákẹ́, tí mo ń to bébà mi, ṣé ẹ rò pé wọ́n á jẹ́ kí n sinmi? "Nígbà tó délé, kí ló ṣe?" Bí mo bá dìde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò. Etí wọn mọ̀ pé "nígbà tí" kì í dá dúró, pé nǹkan kù. Láti ìgbà tí a ti ń gbọ́ àlọ́ ni etí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún wa nílé ìwé pé òfin kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò.

Ìtumọ̀ ni wọ́n ní ká há sórí. Brighter Grammar ni ti àwọn ẹ̀gbọ́n wa, lẹ́yìn ẹ̀ ni Practical English ti Ògúndípẹ̀ àti Tregidgo. Ìwé gidi ni wọ́n, mi ò bú wọn. Pàṣán tó tẹ̀ lé wọn ni mò ń wí. Wọ́n ní gbólóhùn ni àkójọ ọ̀rọ̀ tó gbé èrò tó pé jáde. Èrò tó pé! Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, èrò mi kan ò tíì pé, síbẹ̀ mò ń sọ gbólóhùn láràárọ̀. Kí ló dé tí wọn ò sọ pé: wá olùwà, wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró fúnra ẹ̀, kí o rí i pé "because" àtàwọn ẹbí ẹ̀ ò dì í lọ́wọ́ mú? "Our landlord shouting at everybody in the compound": olùwà wà, ariwo wà, gbólóhùn ò sí, àyàfi tí wọ́n bá fi "is" tàbí "was" sí i.

Àwọn tí tiwọn ò parí tiẹ̀ sàn. Àwọn tí tiwọn kì í dúró ló ń pa mí. Ìwé tíráńsífọ́mà tí wọ́n gbé wá nìyí: "Our transformer has spoilt, we have reported it, nobody came, our soup has soured, we are begging you." Gbólóhùn márùn-ún ni, ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ló lè dá gbé. Kọ́mà nínú Gẹ̀ẹ́sì, òwú ìránṣọ ni. Ẹ ò lè fi so màlúù méjì pọ̀. Àmì ìdánudúró ni kẹ́ ẹ lò, tàbí kẹ́ ẹ wá "and" tàbí "so" sí i. Mo mọ ibi tó ti wá, torí náà mi ò lè bínú tán. "Ó mú owó lọ ra ìwé wá fún mi." Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú ẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, kò sí "àti", kò sí kọ́mà, kò sì sí ẹni tó fa ìlà sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó gbé ìwé gírámà Yorùbá jáde ní 1966, ti kọ̀wé lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe atòtẹ̀léra yìí. Ní Yorùbá, iyì ni. Gbé e wọ Gẹ̀ẹ́sì wò, "He take money go buy book," kí o wo ojú olùkọ́. Ọmọ tó ń wá iṣẹ́ náà kọ "I very hardworking", torí pé lédè tiwa, "ga" àti "dára" àti "gbọ́n" dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn, wọn ò nílò "am" kankan láti gbé wọn dìde.

Mo fara da gbogbo ìyẹn o. Èyí tó wọ inú ilé mi ni mi ò lè fara dà. Ọmọbìnrin mi, tó wà ní pírámárì fọ́ọ̀, kọ àròkọ nípa bàbá ẹ̀: "My father are in the shop. They are typing letter." Olùkọ́ fi báírò pupa gé "are", ó gé "they", ojú ìwé pọ́n kún. Mo bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ nírú èyí.

"Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má pe àgbà ní 'ó'."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé ìwé náà, ó di ilé ìwé. Olùkọ́ kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

"Ẹ má bínú, Dádì. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ jẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì."

"N'Íbàdàn ńkọ́?"

Kò dáhùn, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo wá rò ó délé, inú mi tún ru sí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ní "are" lọ́wọ́, tó ń pín in fún gbogbo ayé? Ọmọ ọdún méjì tó ń tọ̀ sára, "you are" ni wọ́n ń sọ fún un. Olè tí wọ́n mú ní ọjà, "you are" ni. Kábíyèsí Olúbàdàn, "you are" náà ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dojú kọ ọ́, ó ní "are". Kí bàbá ọlọ́mọ ṣáà yíjú báyìí, kó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, "he is" ló kù sí i lọ́wọ́. Ọ̀wọ̀ ojú lásán! Èdè wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí baálé ilé?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní ti máàkì ìdánwò. Nínú WAEC, 50 máàkì ni àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 10 nínú ẹ̀ sì wà fún sípẹ́lì, àmì àti gírámà. Àṣìṣe kan ń gba ìdajì máàkì; ẹni tó bá ti ṣe 20, ó ti jẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán. Èyí ni pé bí ọmọ mi bá bọ̀wọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, máàkì odidi kan ti lọ. Tí wọ́n bá wá dé ibi tí wọ́n ti ń ní kí wọ́n sọ àyọkà ní ṣókí, gbólóhùn tó pé ni wọ́n ń fẹ́. Àpólà ọ̀rọ̀ lásán á pàdánù máàkì, bí ọmọ tiẹ̀ mọ ìdáhùn. JAMB ní tiẹ̀ ń bi ìbéèrè 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó ń bi 40 péré nínú àwọn yòókù.

Ọmọ yunifásítì kan tí mo gbà nímọ̀ràn lórí gírámà sọ fún mi pé òǹkọ̀wé Amos Tutùọlá náà kọ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Òótọ́ ni. Ní 1952 ni wọ́n tẹ The Palm-Wine Drinkard ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn aláwọ̀ funfun ń yìn ín, àwọn ọ̀mọ̀wé wa nílé ń tijú Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀. Bí Tutùọlá bá gbé ìwé yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn ni kọ̀ǹpútà á fi máa fa ìlà. Mo kàn rán ọmọ náà létí pé Tutùọlá ò fi tiẹ̀ wá iṣẹ́ báńkì.

Wọ́n sì ti wo àrùn Gẹ̀ẹ́sì yìí rí, kò jìnnà síbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ kan ní pírámárì, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní pírámárì jákèjádò. Nílé ìwé ọmọ tèmi, a ò gbọ́ òórùn ẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ti fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká padà sí. Ó dáa. Ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n máa kó o bọ̀.

Mo ti lẹ iye owó iṣẹ́ tuntun mọ́ ògiri báyìí. Ojú ìwé tí gbólóhùn inú ẹ̀ pé, iye tẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Èyí tí kò bá pé, ìlọ́po méjì, torí pé èmi ni mo máa bá yín wá olùwà kiri. "Because" tó dá wá láìní ẹnìkejì, owó ẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyá ìjọ kan ló kọ́kọ́ kà á. Wọ́n gbé ìwé ìpolongo ìsọjí wá, gbólóhùn kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, àmì ìdánudúró mẹ́sàn-án ni mo ní ó máa gbà.

"Mẹ́sàn-án? Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ Olúwa ni o. Ẹ fi mẹ́rin sí i."

"Mẹ́rin ò lè gbé e, mà. Ẹ jẹ́ ká fi méje sí i."

"Márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi kọ́mà ṣe ènì."

A ṣì ń ná an.