Ẹni Tó Sanra Jù Ni Wọ́n Ń Pa

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi kì í rojọ́ ẹlòmíràn o, ẹ mọ̀ mí. Ohun tí etí mi bá ṣèèṣì gbọ́ nìkan ni mo máa ń sọ, ògiri tó sì wà láàrin èmi àti ọmọkùnrin tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yẹn, plánkì lásán ni. Bàbá Onílé ló fi dá yàrá kan sí méjì kó lè gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ ká fi Bàbá Onílé sílẹ̀ ná, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ọmọ náà, ẹ mọ̀ ọ́n: onígíláàsì, tí Ìyá Alákàrà máa ń fún ní ènì láìtọrọ, tí n ò sì tíì rí ojútùú ìyẹn. Òun ló ń tọ́jú dátábéèsì fún ilé iṣẹ́ kan tó ń gba àjọ lórí fóònù. N ò ní dárúkọ wọn. Inú dátábéèsì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé lágbájá dá èyí, tàmẹ̀dò kó tọ̀hún. PostgreSQL ni tiwọn. Wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Michael Stonebraker, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ní 1986. Orí erin ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ sọ erin náà lórúkọ, Slonik. Erin! Ẹni tó bá fi erin ṣe àmì, ṣé kò ti sọ fún yín pé òun máa jẹun ni?

Ó wá di pé bí òpin oṣù bá ti dé, fóònù ọmọ yìí á máa ké lóru. Dátábéèsì ti kú. Kó tó rí ojú gíláàsì rẹ̀ gbé, dátábéèsì ti jí padà fúnra rẹ̀. Kò pẹ́, ó tún kú. Mo ń gbọ́ ọ̀gá wọn tó ń pariwo lórí fóònù pé àwọn oníbàárà ò rí owó wọn. Ẹnìkan ní hákà ni. Ẹnìkan ní ọmọbìnrin tó fi ìbínú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló lọ bá wọn ṣe nǹkan sí i. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Nígbà tí ewúrẹ́ Ìyá Elépo sọnù, mélòó nínú wa ni wọn ò dárúkọ? Ewúrẹ́ tó sùn sẹ́yìn kànga.

Mo kan ilẹ̀kùn, mo gbé ọbẹ̀ dání. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò rí oorun sùn gbọ́dọ̀ jẹun. Mo ní, "Ọkọ mi, ta ló pa á?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó. Gbogbo wọn ń béèrè ohun tó ṣe é, ẹ̀yin nìkan lẹ béèrè ẹni tó pa á." Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, dmesg ni wọ́n ń pè é, ìwé ẹjọ́ Linux ló jáde yẹn. Ó fi ọwọ́ lé ìlà kan: Out of memory, Killed process, orúkọ tó sì tẹ̀ lé e ni postgres. Ó ní, "Linux ló pa á, mẹ́mọ́rì tó tán ló fà á."

Linux yìí ni onílé, inú rẹ̀ ni dátábéèsì ń gbé. Ẹ ó sì gbọ́ ìwà Bàbá Onílé wa báyìí, kò yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ mẹ́mọ́rì, Linux á ní kò burú, kì í sábà wò ó bóyá ó wà nílẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè ju ohun tí wọ́n máa lò lọ. Bàbá Onílé náà ṣáà gba owó yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta: awakọ̀ tó ń ná Kano, akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í wálé àyàfi ìsinmi, àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ọ̀rọ̀ ń lọ geere títí alẹ́ Iléyá fi kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló lé jáde? Awakọ̀. Awakọ̀ yìí kan náà ló sanwó ọdún méjì sílẹ̀! Ẹrù rẹ̀ ló pọ̀ jù, tí wọ́n bá kó o síta, àyè á yọ kíá.

Ohun tí Linux ń ṣe gan-an nìyẹn. Tí mẹ́mọ́rì bá tán, ó ní ọmọọ̀ta kan tí wọ́n ń pè ní OOM killer, tó máa fún gbogbo wọn ní máàkì. Ẹni tó bá gba àyè jù ni máàkì rẹ̀ ń pọ̀ jù, òun náà ni yóò pa. Kò béèrè ẹni tó fa wàhálà. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé dátábéèsì sí, ta lẹ tún rò pé ó sanra ju dátábéèsì lọ?

Àwọn tó ń ṣe Linux fúnra wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín. Ní 2004, Andries Brouwer, tó wà lára wọn, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan rí i pé ó dínwó láti gbé epo díẹ̀, tí epo bá sì ń tán lójú ọ̀run, wọ́n á ti èrò kan síta. Wọ́n wá ń jiyàn: ṣé ẹni tó sanra jù ni, àbí ẹni tó dàgbà jù? Bó bá wá jẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ náà ló sanra jù ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú ní ìdí mi.

Mo ní, "Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n pa, kí ló dé tí gbogbo oníbàárà fi jáde?" Ó ní PostgreSQL máa ń bí ọmọ kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, gbogbo ọmọ náà sì ń pín mẹ́mọ́rì kan lò. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan lójijì, ẹ̀rù á ba ìyá wọn pé ọmọ tó kú yẹn lè ti ba ohun tí wọ́n jọ ń lò jẹ́. Ni ìyá á bá lé gbogbo àwọn tó kù, á lọ ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó yẹ, á tún ilé ṣe, kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìdí tó fi ń jí fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ẹni tó wá jẹ mẹ́mọ́rì náà. Ọ̀gbẹ́ni kan wà lọ́fíìsì wọn, èyí tó máa ń wá ra ẹ̀lùbọ́ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sunday. Àwọn oníṣirò owó ń kígbe pé ìròyìn òpin oṣù ń pẹ́ jù. Ó lọ sí ibi kan tí wọ́n ń pè ní work_mem, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye mẹ́mọ́rì tí èèyàn lè bù fi ṣiṣẹ́. 4 mẹ́gábáìtì ló bá níbẹ̀, ó gbé e dé 256. Ìròyìn ń fò jáde! Wọ́n ra máàlítì fún un.

Kò rò ó pé ti oníṣirò owó nìkan kọ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló lè bu 256 tirẹ̀. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ bá sì ní kí wọ́n to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ lọ́nà mẹ́ta lè bù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bù. Bí ọgọ́ta èèyàn bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́ta lọ́nà 256, 15,360 mẹ́gábáìtì nìyẹn, gígábáìtì 15 gẹ́lẹ́. Gbogbo mẹ́mọ́rì tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, 16 ni, dátábéèsì sì ti ya 4 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ láti àárọ̀ fún shared_buffers, èyí tí gbogbo ọmọ rẹ̀ jọ ń lò. Ní àárín oṣù, èèyàn ò pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Òpin oṣù tí gbogbo ayé fẹ́ wo owó wọn ni àṣírí ń tú.

Ọ̀gá ní kí wọ́n ra mẹ́mọ́rì sí i. Àwọn olówó, rírà ni ojútùú tiwọn. Ọmọ yìí kọ̀. Ó dá work_mem padà sí 4 fún gbogbo ayé, ó fi 256 sílẹ̀ fún orúkọ tí àwọn oníṣirò fi ń wọlé nìkan. Ó gbé PgBouncer sẹ́nu ọ̀nà, kí ọgọ́ta èèyàn máa gba ìlà díẹ̀ lò, kálukú dúró de tirẹ̀. Ó sọ fún Linux pé kó fi ọmọọ̀ta rẹ̀ jìnnà sí ìyá wọn, -1000 ni wọ́n ń kọ fún ìyẹn.

Èyí tó wù mí jù ni èyí tó kù: ó sọ vm.overcommit_memory di 2. Láti ìgbà náà, Linux kò gbọdọ̀ ṣèlérí ohun tí kò ní mọ́. Tí kò bá sí àyè, ẹni tó béèrè á gba èsì pé kò sí, ìbéèrè tirẹ̀ nìkan á já, àwọn yòókù á máa bá tiwọn lọ. Ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ wo overcommit_ratio náà o, torí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá a wá, tí wọn ò bá gbé e sókè, Linux á máa lé àlejò nígbà tí yàrá ṣófo. Ká ní mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ irú 2 yẹn sí Bàbá Onílé lára!

Òpin oṣù tó tẹ̀ lé e, fóònù ò ké. Ọ̀gá wá ń béèrè ẹni tó yí nǹkan náà padà. Àkọsílẹ̀ PostgreSQL ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé work_mem yí sí 256, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ṣùgbọ́n kì í kọ orúkọ. Ọmọ onígíláàsì ní òun ò mọ̀, pé a ti tún un ṣe, kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Wọn ò ṣáà bi èmi. Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá ti dárúkọ rẹ̀, ǹ bá dárúkọ àdúgbò tó ń gbé, ǹ bá sì fi gbèsè ẹ̀lùbọ́ mi tó wà lọ́rùn rẹ̀ kún un.