Mile 12 Kò Ṣeé Yí Padà sí Mile 2

Lẹ́tà mẹ́jọ ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí. Mẹ́ta ń béèrè àwọ̀ mọ́tò tó yẹ pásítọ̀. Mo ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá elépà, yóò rí nǹkan ṣe sí i. Ẹnì kan rí mọ́tò méjì l'Álápẹ́rẹ̀, ọ̀kan wà ní 100,000, èkejì ní 160,000, kò mọ èyí tó ti rìn jù. Ti Amẹ́ríkà ń ka máìlì, ti Kánádà àti Belgium ń ka kìlómítà. 100,000 máìlì tó bí 160,000 kìlómítà, torí náà ọgbọọgba ni wọ́n. Mú èyí tí AC rẹ̀ bá tutù. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn tó ní láárí.

*Bàbá Alámọ̀ràn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí Corolla 2010 kan, máìlẹ́ẹ̀jì rẹ̀ kò ju 58,000 lọ. Ẹni tó ń tà á ní ìyá arúgbó kan ló lò ó ní Texas, kì í sì gbé e kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n rọ́bà bíréèkì rẹ̀ ti jẹ dé irin. — Ọkọ Ìyàwó Lọ́la, Ìkòsì*

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run dá ìyá yẹn sí. Ó ní láti jẹ́ pé orí bíréèkì ló ti ń jó ijó ìyìn. Láti ìgbà tí tòkunbọ̀ ti ń wọ èbúté Tin Can, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ta mọ́tò tí awakọ̀ tákísí lò rí. Ìyá arúgbó yẹn náà ló ni gbogbo wọn. Obìnrin yẹn mà ní mọ́tò o!

Rántí ọdún 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé bọ́ọ̀lù àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ. Ọdún yẹn ni FIFA gbé ẹ̀rọ MRI dé, tí wọ́n fi ń yẹ egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà wò, torí ìwé ọjọ́ orí mọ irọ́ í pa. Ọrùn ọwọ́ mọ́tò ni rọ́bà bíréèkì yẹn, àti etí ìjókòó awakọ̀ níbi tí ìdí ti ń rà á wọlé rà á jáde, àti sítíárìn tó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

L'Ámẹ́ríkà, ẹni tó bá yí máìlẹ́ẹ̀jì padà ti rú òfin ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó wọn, fojú bù ú pé mọ́tò tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú máìlẹ́ẹ̀jì irọ́. Níbi tí ẹ̀wọ̀n ti ń dúró deni nìyẹn o! Níbí, ọmọ tó bá ní láptọ́ọ̀pù àti wáyà kan, á ti ṣe é tán kí o tó mu ife sóbò kan dé ìdí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á yí Mile 12 padà sí Mile 2, àwọn alátà wa á kàn bá ara wọn l'Ámúwò-Ọ̀dọ̀fin.

Torí náà, yọjú wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Wàá rí VIN níbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún mọ́tò: A ni 2010, B ni 2011. Bí o bá bá 9 níbẹ̀, ọmọ 2009 ni, ó gé ọjọ́ orí. Fi VIN yẹn wá ìtàn rẹ̀ ní Carfax kí o tó ka owó, torí àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́hùn-ún sábà máa ń kọ máìlẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Kí o sì wo igun gíláàsì náà lókè, bóyá wọ́n gbàgbé láti ya bébà kékeré tí mẹkáníìkì òyìnbó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí ọ̀kan l'Ójọ̀tá rí: dáṣíbọọ̀dù ní 61,000, bébà ní kí wọ́n padà wá pààrọ̀ ọ́ìlì ní 187,400. Mo fi han ẹni tó ń tà á. Ó wò ó títí, ó ní, "Alàgbà, òyìnbó máa ń ronú jìnnà."

*Mo ra Camry kan. Bí mo bá ti tan AC, ó máa ń rùn bí ilẹ̀ tútù. Mo tún rí iyanrìn lára bẹ́líìtì ìjókòó. Kí ni kí n ṣe? — Ará Agiliti*

Ẹ kú oríire, ọkọ̀ ojú omi lẹ rà. Ìjì Harvey fi omi bo Houston lóṣù kẹjọ ọdún 2017, Ian náà ṣe Florida bẹ́ẹ̀ ní 2022. Mọ́tò tó bá rì, wọ́n á lu ú ní gbàǹjo, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fín in lóòórùn, á wọ ọkọ̀ òkun. Ẹ̀yin náà ò sì rí ibòmíì gbé e lọ, àfi Agiliti! Níbi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣí dáàmù Ọ̀yán báyìí, tí odò Ògùn kún, ó di dààmú wa. Mọ́tò yẹn ti mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tètè lọ kọ́ ọ.

*Ọmọọṣẹ́ ni mí lọ́dọ̀ rewáyà kan ní Kétu. Ọ̀gá mi ní kí n fa máìlẹ́ẹ̀jì Honda Pilot 2008 kan wálẹ̀, láti 168,000 sí 72,000. Mo ṣe é. Màmá kan tó ń ta ata ní Mile 12 ló rà á, ó sì ń fi í gbé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ó máa ń juwọ́ sí mi tó bá ń kọjá. Oorun ò kùn mí mọ́. — Kí Ọ̀gá Má Gbọ́*

Mo ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé kálàmù sílẹ̀, mo tún un kà.

Ohun tí ọ̀gá rẹ ò kọ́ ọ nìyí. Kì í ṣe owó mọ́tò nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Nínú ẹ́ńjìnnì Pilot yẹn, bẹ́líìtì rọ́bà kan wà, táímìn bẹ́líìtì, òun ló ń jẹ́ kí òkè ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa yí papọ̀. Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti tó nǹkan bí 105,000 máìlì tàbí ọdún méje. Bó bá já, irin á lu irin nínú ẹ́ńjìnnì, mọ́tò á kú lójijì níbikíbi tó bá wà. Màmá wo 72,000, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ó kù sí i. Fojú inú wò ó lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, tírélà lẹ́yìn, àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀.

Lọ bá a nírọ̀lẹ́, nígbà tó bá ń palẹ̀ ata mọ́. Dọ̀bálẹ̀. Má ṣe sọ pé "wọ́n ní kí n ṣe é". Sọ pé "èmi ni mo ṣe é". Pe 168,000 náà sí i létí, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bá a wá mẹkáníìkì tó mọ Honda dáadáa, kó yẹ bẹ́líìtì yẹn wò kí ọmọ kankan tó tún wọ mọ́tò náà. Bí o bá ní ohunkóhun lọ́wọ́, dá sí owó bẹ́líìtì. Ó lè gbá ọ létí. Dúró kó gbá a. Bí ọ̀gá rẹ bá lé ọ, kọ̀wé sí mi. Mo mọ rewáyà kan l'Ógùdù tó ń wá ọmọọṣẹ́ tí iná inú rẹ̀ ṣì ń tàn.

Ẹ bu omi fún mi. Ẹ ṣé. Lẹ́tà tó kù:

*Bàbá, ọkùnrin kan ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ó ní ọmọ ọdún 39 lòun. Ṣùgbọ́n lánàá ó ń ròyìn bí bàbá òun ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún, ó ní òun jókòó níwájú. — Adélébọ̀, Kétu*

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n yí i. Adélébọ̀, wọ́n ti fa ìyẹn wálẹ̀! Àmọ́ má tíì lé e. Mú un lọ sídìí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu, kẹ́ ẹ jọ gùn ún. Bó bá gùn ún dókè láì mí gúlegúle, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dáa, gbé e bẹ́ẹ̀. Bó bá dúró láàárín, tó di irin mú, tó ní òun kàn fẹ́ wo ọjà, ó ti gbóná nìyẹn. Ra omi tútù fún un, kí o sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. BRT ń bẹ nísàlẹ̀.