Oríkì Ìjà, Akọni Orí Pápá

Ìjà, mo júbà. Ọmọ Gbólóhùn-asọ̀, àrẹ̀mọ Ìbínú, àlejò tí a kò pè síbi eré tí í sì í gba ìjókòó iwájú. A-faṣọ-ya-má-rànkan, a-gbáni-létí-má-gbá-bọ́ọ̀lù, ìwọ tí o ti ń ju ẹ̀ṣẹ́ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tíì wọ àwọ̀n. Ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọ ni. Bí o kò ti lọ́là, ó yẹ kí a fún ọ ní orúkọ tí ó tó ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́fà dúró ti ẹ̀rọ ní Ọba Akran àti Ọ̀gbà bá bọ́ sí pápá ilé ìwé ní Agége, l'Ékòó, ìwọ ni èrò ń retí ju gólì lọ. Bọ́ọ̀lù yọ̀ jáde, ó bọ́ sórí àtẹ oníbúrẹ́dì. Ẹgbẹ́ kan ní àwọn ni yóò jù ú, èkejì ní irọ́ ni, o sì dé! Ẹni tí kò rí agbára sáré láti ìgbà tí fèrè ti dún sáré la pápá já. Aṣọ́lé fi ilé sílẹ̀ láìdágbére. Rẹfirí fọn fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ̀wù ti ya, ẹsẹ̀ bàtà kan ti sọnù, òdo sí òdo ṣì ni wọ́n wà. Ní 2017, nígbà tí MFM FC, tí ó fi Pápá Ìṣeré Agége ṣe ilé, ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà, ẹni tí ń ka máàkì wọn kò rántí kọ orúkọ rẹ.

Kábíyèsí òkè òkun! Níbi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì lórí yìnyín ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, oyè ni wọ́n fi ọ́ jẹ. Òfin NHL ní kí ẹni tí ó bá jà lọ jókòó ní àhámọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Bí méjì bá jọ jà, àwọn méjèèjì a lọ, àwọn mìíràn a wọlé dípò wọn, márùn-ún a sì tún kojú márùn-ún. Àwọn olólùfẹ́ rẹ ní ìwọ ni o ń ta ẹgbẹ́ jí. Ṣùgbọ́n ariwo tí ó jí ará ọ̀tún, ṣé ará òsì dití ni?

Ká má purọ́, o ti yí eré padà rí. Nínú Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù, ní Santiago ní 1962, o lé ọmọ Ítálì méjì jáde, Ṣílè sì na àwọn tí ó kù ní 2 sí 0. Ní àṣekágbá Ife Àgbáyé ní Berlin ní 2006, o gbé orí Zidane lu àyà Materazzi ti Ítálì ní ìṣẹ́jú 110, Faransé sì gbá pẹnárítì láìsí ọ̀gá wọn, ife bọ́. A-bá-ọ̀tá-ṣiṣẹ́-má-gbowó! Olóòótọ́ ìránṣẹ́ ẹni tí a ń bá díje!

Nítorí náà, akọni, bí a bá tún pàdé lọ́jọ́ Àìkú tí ń bọ̀, jọ̀wọ́ bá ẹgbẹ́ kejì lọ. Àwọn ni ọlá rẹ yẹ. Àwa mẹ̀kúnnù yìí, gólì nìkan ni a ń wá.