Iná Dé, Ẹ Tètè Pa Á!

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n tí wọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní tálákà, ti ń gbàdúrà pé kí iná dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àdúrà gbà: àwọn oníbàárà tó wà ní Band A, ìpele tó ń rí iná jù, yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Àmọ́ owó yúníìtì kan fò láti náírà 68 sí náírà 225.

Níbẹ̀ leré ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá tó máa ń bá àwọn ọmọ pariwo "Up NEPA!" tẹ́lẹ̀ bí iná bá dé ló wá ń sáré lọ pa éèsì. Ó ń wo mítà bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. Aṣọ iṣẹ́ ọjọ́ márààrún ni ìyàwó ń lọ̀ pa pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Fíríìjì ńlá tí wọ́n fi àjẹsílẹ̀ rà ńkọ́? Gàrí ló wà nínú rẹ̀, kí eku má baà rí i jẹ.

Oṣù kẹrin yẹn náà ni mínísítà iná mànàmáná, Adébáyọ̀ Adélabú, ní àwọn ará ìlú ń fi fírísà sílẹ̀ láìpa á torí pé owó iná kéré jù. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ nígbà náà pé kí wọ́n dá àwọn padà sí Band B, níbi tí òkùnkùn ṣì ti wà lówó pọ́ọ́kú.