Bíráúsà Wo Ilé Kó Tó Jẹ́ Orúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá sọ pé ayé òde òní ti gbàgbé òwe yìí, irọ́ ló pa. Bíráúsà inú kọ̀ǹpútà yín ń tẹ̀ lé e lójoojúmọ́, àmọ́ ilé onílé ló ń wò, orúkọ tí wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn fún un níbẹ̀ ló sì ń jẹ́.

Ẹ wo ẹni tó fi Firefox ṣí ìkànnì tó fẹ́ fi san owó iná. Gbólóhùn kan ló bá pàdé: a kò gba bíráúsà yìí, ẹ lọ lo Chrome. Kíá, ó ti ń di ẹrù. Ó ń kó páswọ́ọ̀dù, ó ń kó gbogbo àdírẹ́sì tó ti tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, ó ń kó lọ. Kò bèèrè ohun tí Firefox kò lè ṣe níbẹ̀. Ìkànnì náà gan-an kò bèèrè! Lọ́pọ̀ ìgbà, kò dán bíráúsà náà wò rárá. Orúkọ ló gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà tó fi tìlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti pẹ́. Netscape, bíráúsà àtijọ́ kan, ló ń pe ara rẹ̀ ní Mozilla, nígbà tó ti mọ bí a ṣe ń pín ojú ewé sí ọ̀nà méjì mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kọ ìkànnì bá pàṣẹ pé ẹni tó bá ń jẹ́ Mozilla ni kó rí èyí tó dára gbà. Internet Explorer ti Microsoft dé ní 1995, kò sì pẹ́ tí òun náà fi di Mozilla. Láti ìgbà náà ni irọ́ ti ń bímọ. Lónìí, bí Chrome bá kanlẹ̀kùn, báyìí ló ṣe ń ki ara rẹ̀: Mozilla, AppleWebKit, KHTML tó jọ Gecko, Chrome, Safari. Ọmọ kan ṣoṣo, oríkì agboolé márùn-ún yàtọ̀ sí tirẹ̀!

Ojú bíráúsà Opera rí màbo. Ní 2009 ó dé ẹ̀dà 10, àmọ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn ìkànnì kan ń kà. Wọ́n rí 1, wọ́n ní ti ayé àtijọ́ nìyí. Ni Opera bá kọ 9.80 síwájú, ó fi 10 pamọ́ sẹ́yìn. (Òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan kọ́ ló ń gé ọjọ́ orí.) Ní Oṣù Kejìlá 2019 ó sú Vivaldi, bíráúsà mìíràn, náà, ó ní Chrome lòun ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì Chromium tí Chrome ń lò ló ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá. Àwọn tó ń lé e lánàá wá ń kí i káàbọ̀.

Ẹni tó ń sá láti Edge ti Microsoft lọ sí Chrome, ibo ló lọ? Láti Oṣù Kìíní 2020 ni Chromium ti wà nínú Edge. Ti oní-iPhone ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Apple fi dandan lé e pé WebKit, ẹ́ńjìnnì Safari, ni kí gbogbo bíráúsà orí iPhone máa lò; òfin European Union ló tú okùn náà ní 2024, fún àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó wà l'Ábẹ́òkúta tó sọ Safari nù nítorí Chrome, Safari ṣì ni nínú, lóde ló ti pààrọ̀.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí lọ. Ìkànnì tó fẹ́ bá ẹ̀rọ tí ẹ fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, Firefox lè má ní agbára rẹ̀. Ẹ fi Chrome ṣí ìyẹn nìkan. Àwọn yòókù, ẹ kọ́kọ́ wá àfikún tó ń yí orúkọ padà, kí Firefox ní Chrome lòun, kí ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Torí bí gbogbo wa bá kó lọ sílé Chrome, ta ni yóò tún rántí dán ìkànnì rẹ̀ wò níbòmíràn?

Firefox fúnra rẹ̀ ti ń bá yín ṣe lára irọ́ náà. Ẹ tẹ about:compat síbi tí ẹ ti ń kọ àdírẹ́sì. Orúkọ àwọn ìkànnì tí Mozilla, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Firefox, ń dọ́gbọ́n sí nítorí yín wà níbẹ̀, ẹ sì lè wá ti báńkì yín wò.