Fáìlì Ọmọ Ológbò

Ní Kabba, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó pàdé Dàrẹ́kítọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ti kọ́lé sílé, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò kúrò lára rẹ̀. Láràárọ̀ ni ẹ ó bá a ní kọ́rídọ̀, awò lójú, bírò méjì lápò, pupa kan, búlúù kan. Bí ẹ bá ní "Okun o," á dáhùn, á sì wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ àkókò tí ẹ dé sílẹ̀. Àwa ọmọ Okun ní irú wọn lọ́pọ̀ yanturu. Ilé tí kò bá ti mú tíṣà jáde, á mú ọ̀gá ní sẹkitéríàtì jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Eléyìí tí mo ń sọ, èkúté ló kó wàhálà bá a.

Wọ́n jẹ iṣu nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n lu àpò gàrí ní ihò, wọ́n sì gun ògiri lọ ṣán etí fọ́tò ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká gba ọmọ ológbò kan. Ìyá Oníyán ní músù òun ti bímọ." Ní ilé ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn; wọ́n á rán ọmọdé níṣẹ́ pẹ̀lú páálí. Dàrẹ́kítọ̀ wú ikọ́, ó ní, "Ṣé a ti múra tán?"

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni ìbéèrè yẹn ti wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ló sọ fún un lórí fóònù pé kí wọ́n tó gbé ológbò lé òun lọ́wọ́, wọ́n bi òun ní iye wákàtí tí òun kì í sí nílé, wọ́n yẹ fèrèsé òun wò, wọ́n sì ní kí òun buwọ́ lùwé. Ó fi kún un pé láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan kí ológbò ní ẹ̀rọ bíńtín lábẹ́ awọ, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Nọ́ńbà! Fọ́ọ̀mù! Ìbuwọ́lùwé! Láti ọjọ́ tí Dàrẹ́kítọ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, inú rẹ̀ kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bó ṣe ṣí fáìlì nìyẹn.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ojú ewé kìíní dára. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1969 ni wọ́n dá ibà Lassa mọ̀, pé Lassa ní Borno ni wọ́n ti fún un lórúkọ, pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté kan tó lọ́mú jàǹtìrẹrẹ ló ń gbé e wọ inú oúnjẹ wa, pé àrùn náà ti pààyàn ní ìpínlẹ̀ Kogi, àti pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ológbò sísìn mọ́ ohun tó lè lé èkúté jìnnà sílé. Ó fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Bó bá dúró síbẹ̀ ni, ì bá ti gbé ọmọ ológbò rẹ̀ lọ sílé.

Ojú ewé kejì ni ìṣirò owó. Ó gbọ́ pé ológbò tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 15. Ó wá ṣírò orí ẹja kan lóòjọ́ fún ọdún 15, iye tó jáde tó owó òrùlé ilé, ẹ̀rù sì bà á. Kò yọ èkúté tí ológbò náà yóò máa jẹ kúrò nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ èkúté la torí ẹ̀ pè é. Ojú ewé kẹta wá jẹ́ ti ogún. Dàrẹ́kítọ̀ ti pé 71. Ọdún 15 lé e, ó di 86. Bí ọlọ́jọ́ bá dé ńkọ́, ta ni yóò jogún ológbò? Ó kọ̀wé sí àwọn ọmọ lórí WhatsApp. Èyí tó wà ní Àbújá fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín fèsì. Dàrẹ́kítọ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò takò ó.

Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì náà sì wà níbẹ̀. Àbúrò ní ológbò dúdú kò gbọdọ̀ wọlé o, nítorí àwọn ìyá ayé. Ọ̀gá ilé ìwé béèrè bóyá kò yẹ kí wọ́n fi tó ààfin Ọbáró, ọba Kabba, létí. Wọ́n mu mọ́ọ̀tì, wọ́n jẹ ẹran adìyẹ, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn yóò tún pàdé.

Dàrẹ́kítọ̀ yìí kan náà wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba Kwara ní Ìlọrin ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, tí Babangida kéde ìpínlẹ̀ Kogi, tí Kabba sì bọ́ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti múra tán. Kò pẹ́ tó fi di ará Lọ́kọ́ja, tòun tìyàwó tọmọ, nínú yàrá méjì tí kò lómi. Nígbà tó gbéyàwó, owó oṣù rẹ̀ kò lè ra bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ márùn-ún ló bí, kò sì ṣí fáìlì fún ọ̀kankan nínú wọn.

Dókítà ẹran kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ló wá sọ ohun tó yẹ ní sísọ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ológbò lo ọ̀sẹ̀ 8 lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí wọn ò bá sì fẹ́ kí ọ̀kan di mẹ́wàá, kí wọ́n tètè gbé e wá kí òun ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kí wọ́n má fi ẹ̀bà nìkan bọ́ ọ, ẹran àti ẹja ni ara rẹ̀ ń béèrè. Ó wo igun ilé, ó rí orí ẹja kan tó ń rùn lọ́nà tí ẹja kì í gbà rùn. "Bàbá, òtapiapia nìyí?" Òun ni. Ó wà lábẹ́ àga, ó wà lẹ́yìn fìríìjì. Dókítà ní èkúté tó bá jẹ ẹ́, tí ológbò sì gbé e jẹ, àwọn méjèèjì ló máa kú.

Dàrẹ́kítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀. Ó kọ òtapiapia sí ìparí ìwé, lábẹ́ Ọ̀rọ̀ Mìíràn Tó Bá Jẹyọ. Ìyàwó rẹ̀ kò sí nínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tí fáìlì ti béèrè ẹni tí yóò máa bọ́ ológbò, tí yóò máa kó ìgbẹ́ rẹ̀, tí yóò máa gbé e lọ gbabẹ́rẹ́, ohun tó kọ síbẹ̀ ni "Màmá wọn".

Lóru ọjọ́ kan, èkúté jẹ ojú ewé kìíní. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Dàrẹ́kítọ̀ lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó sì ti fáìlì mọ́ inú rẹ̀. Gbangba ni iṣu ṣì wà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ fi máa fọwọ́ sí i, pẹ̀lú àwọn àmọ̀ràn méjìlá, ó wọ agbádá lọ bá Ìyá Oníyán. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ ológbò tán. Mẹkáníìkì kan ló gbé èyí tó kẹ́yìn. Ó kì í bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

"Ẹ má bínú, Dàrẹ́kítọ̀," ni Ìyá Oníyán wí, ọmọ odó ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá wọn tún ti lóyún."

Ó béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí oyún ológbò ń gbà. Wọ́n ní bíi mẹ́sàn-án. Ó fi mẹ́jọ ti dókítà kún un, ó di mẹ́tàdínlógún, ojú rẹ̀ sì yá gágá: àyè wà láti yan ìgbìmọ̀ kékeré. Ló bá fa bírò yọ. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ológbò yìí fúnra rẹ̀, ṣé ó ti múra tán láti tún bímọ?"

"Dàrẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lẹ́nu ọ̀nà, kí oníyán ríbi wọlé."