Ọmọ Mi, Ọmọ Ẹ

Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá dára, ti bàbá ni. Èyí tó bá burú, ti ìyá ni. Mo ti yẹ òwe yìí wò síwá sẹ́yìn, n kò rí ibi tí ọkùnrin ti lè fi àdánù bọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á, àfàìmọ̀ ni irùngbọ̀n ò fi ní wà lágbọ̀n rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òwe àtijọ́ ni. Ó ti wọ kákí. Nínú ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà ti ọdún 1968, wọ́n kọ ọ́ sí ẹsẹ 127 pé obìnrin ọlọ́pàá tí kò tíì lọ́kọ, tó bá lóyún, kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ padà wọlé àfi bí ọ̀gá àgbà pátápátá bá fọwọ́ sí i. Lọ́dún 2021, wọ́n fi ẹsẹ yìí lé ọlọ́pàá kan dànù l'Ékìtì. Ẹni tó fún un lóyún ńkọ́? Ẹsẹ náà ò mẹ́nu bà á, àfi bíi pé atẹ́gùn ló gbé oyún wá. Ká ní ọlọ́pàá lòun náà, yóò jí lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, bẹ́líìtì rẹ̀ á ṣì dé e gẹ́gẹ́. Ìgbà tí ọmọ bá dáyé tó ń rẹ́rìn-ín, orúkọ ta ni yóò máa jẹ́? Ẹ jẹ́ n má dáhùn.

Ká kúrò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n má wá mi wá. Ìdílé kan wà ládùúgbò wa. Olùkọ́ pe bàbá ilé yìí lórí fóònù pé ọmọ rẹ̀ fo ògiri ilé ìwé, ó lọ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ojú ẹsẹ̀ ló na fóònù sí ìyàwó rẹ̀: "Gbà, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ ni." Obìnrin yìí kúnlẹ̀ bẹ olùkọ́ lórí fóònù, bí ẹni pé olùkọ́ ń wò ó. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé tí wọ́n bá gbọn àpò ṣòkòtò bàbá yẹn lọ́jọ́ Sátidé, ìwé pélébé-pélébé tẹ́tẹ́ ni yóò máa já bọ́.

Ìyá ń jí se mọ́ínmọ́ín tà ní ìdájí, ibẹ̀ ló ti ń yọ owó olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí èsì WAEC jáde, ọmọ yege. Ká má purọ́, inú gbogbo àdúgbò dùn. Bàbá gbé àga síta, ó ra bíà, ó na èsì sókè: "Ọmọ mi! Ẹ̀jẹ̀ mi gangan! Orí bàbá mi ló gbé wọ̀!" Wọ́n ń pè é ní Bàbá Ọ̀mọ̀wé, ó ń jẹ́. Ìyá wà nínú èéfín lẹ́yìnkùlé, ó ń din ẹran fún àwọn tó wá kí bàbá kú oríire.

Ọ̀mọ̀wé gbé tíréè ife bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ife mẹ́fà fọ́ yángá.

Bàbá yíjú sí ẹ̀yìnkùlé: "Obìnrin yìí! Wá wo nǹkan tí ọmọ ẹ ṣe o!"